Omi Méjì Tí Mo Fà sí Ìyá Ráfíátù Lára

Ẹ̀yin ọmọ tí ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé ẹ̀rí bákì, tí ẹ ń wá jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ mi láti bèèrè bóyá iṣẹ́ kilinííkì ń mówó wá: bẹ́ẹ̀ ni, ó ń mówó wá. Mo ti dáhùn. Ẹni tó bá jẹ́ pé ohun tó fẹ́ mọ̀ nìyẹn nìkan lè dìde, kó bá mi rọra ti ilẹ̀kùn. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí iṣẹ́ náà ń gbà lọ́wọ́ èèyàn, kó fara balẹ̀, nítorí arúgbó ni mí, mi ò lè sáré sọ̀rọ̀.

Básírátù ni orúkọ mi. Ìyá Abẹ́rẹ́ ni gbogbo Ifọ̀nyìn ń pè mí, ìlú wa yìí tí àwọn onífáráńsé ń kọ ní Ifangni. Inú ilé ìwòsàn kan ṣoṣo ni mo ti lo ọjọ́ ayé mi, ilé ìwòsàn aládàáni, kì í ṣe ti ìjọba. Mi ò ṣe dókítà, mi ò sì kàwé agbẹ̀bí. Iṣẹ́ ọwọ́ ni mo kọ́: kí n wẹ egbò, kí n gún abẹ́rẹ́, kí n wá iṣan lára ẹni tí iṣan rẹ̀ ti sá pamọ́. Ọwọ́ tí ẹ ń wò yìí tó ti ń gbọ̀n, ìgbà kan wà tí àwọn èèyàn ń gun alùpùpù wá láti Lagbé nítorí rẹ̀, tí wọ́n á ní àwọn ò fẹ́ kí ẹlòmíràn fọwọ́ kan àwọn.

Bàbá Símónì ló gbà mí síṣẹ́. Ó ti tọ́jú aláìsàn fún ìjọba títí ó fi fẹ̀yìn tì, ó wá fi yàrá mẹ́ta tó wà níwájú ilé rẹ̀ ṣe ilé ìwòsàn. Kì í ṣe dókítà, ṣùgbọ́n ta ni yóò sọ ìyẹn fún aráàlú? Dókítà ni wọ́n ń pè é. Mo lọ bá a lẹ́yìn tí ọkọ mi kú. Ọmọ méjì wà lọ́wọ́ mi, mi ò sì ní oko. Owó tó ń san fún mi kò tó nǹkan, ẹ jẹ́ ká fi ìyẹn sílẹ̀.

Oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́, kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan abẹ́rẹ́. Ife onírin kan àti ṣíbí kan ló kó lé mi lọ́wọ́. Iṣẹ́ mi ni kí n máa fi ṣíbí bu omi tí a po iyọ̀ àti ṣúgà sí fún àwọn tí ìgbẹ́ gbuuru tàbí ibà ti gbẹ lómi. Ṣíbí kan, kí n dúró. Ṣíbí kan, kí n dúró. Bí ọmọ bá bì í, kí n sinmi díẹ̀, kí n tún bẹ̀rẹ̀. Nígbà mìíràn, láti àárọ̀ títí oòrùn á fi wọ̀, ìdí ọmọ kan ṣoṣo ni mo máa wà. Ó sú mi. Mo lọ bá a lọ́jọ́ kan, mo ní, "Bàbá, ṣé iṣẹ́ ni mo wá kọ́ níbí ni, àbí mo wá gbọ́mọ?"

Kò gbójú sókè. Ó ń pọ́n ẹnu abẹ́rẹ́ lórí òkúta, torí pé nígbà yẹn a kì í sọ abẹ́rẹ́ nù. Ó ní, "Ẹni tó bá lè mumi, a kì í fa omi sí i lára. Omi inú ife, Ọlọ́run ti la ọ̀nà rẹ̀ sílẹ̀. Omi inú iṣan, ìwọ lo fẹ́ la ọ̀nà fún un. Ìgbà tó o bá mọ ìyàtọ̀ ni màá fún ọ ní abẹ́rẹ́."

Mo padà sídìí ṣíbí mi.

Bàbá Símónì le. Nígbà kan, mo ṣí ìkòkò tí a fi ń se abẹ́rẹ́ kí omi tó hó dé ibi tó fẹ́. Ó da gbogbo rẹ̀ nù, ó ní kí n lọ pọn omi mìíràn, kí n bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, aláìsàn méje sì jókòó tí wọ́n ń wò mí. Ìgbà kan tún wà tí obìnrin kan láti Lagbé fún mi ní àkùkọ kí n lè mú un wọlé ṣáájú àwọn tó ti ń dúró láti ìdájí. Mo mú un wọlé. Mo gbé àkùkọ náà pamọ́ sábẹ́ tábìlì, àfi bó ṣe kọ kéékèèké lójú Bàbá Símónì. Kò bá mi wí. Ó kàn ní kí n lọ dá a padà, kí n fẹsẹ̀ rìn dé Lagbé, kí n má gun nǹkan kan. Gbogbo ẹni tí mo pàdé lójú ọ̀nà ló ń bèèrè pé èló ni mo fẹ́ tà á. Nígbà tí mo padà dé, Bàbá Símónì bèèrè bóyá obìnrin náà gbà á. Mo ní obìnrin náà gbà á, ó sì tún bú mi. Ó ní, "Ó dáa. Lọ fọwọ́."

Nígbà tí àkókò abẹ́rẹ́ tó, ọ̀pá ewé ìbẹ́pẹ ló kọ́kọ́ fún mi, èyí tó ní ihò nínú. Mo gún un títí igi ìbẹ́pẹ ẹ̀yìnkùlé fi fẹ́rẹ̀ẹ́ tán léwé. Lẹ́yìn náà ló ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó gbé apá ara rẹ̀ síwájú mi. Mo gún un lódì. Ó ní, "Ó dùn mí. Tún un ṣe." Mo tún un ṣe. Ó ní, "Ó ṣì dùn mí. Tún un ṣe." Apá bàbá náà wú, ó dúdú, kò sì gbé e kúrò. Mo ń sunkún, mo ń gún un. Ó ní, "Sunkún, ṣùgbọ́n lajú rẹ. Ẹni tó ń sunkún ṣì ń ríran." Ẹ̀yin ọmọ, mi ò tíì rí ẹni tó fẹ́ràn mi bẹ́ẹ̀ rí, bẹ́ẹ̀ kò sì bá mi rẹ́rìn-ín ju ẹ̀ẹ̀mẹta lọ nínú ọdún kan.

Ohun ìkẹyìn tó kọ́ mi ni gbogbo ọ̀rọ̀ mi òní dá lé. Ó ní, "Kó o tó fa omi sí àgbàlagbà lára, fi àtàǹpàkò rẹ tẹ ojúgun rẹ̀. Ka ení dé àrún, kó o gbé e kúrò. Bí ara náà bá dìde padà, kò burú. Bí ojú ìka rẹ bá dúró síbẹ̀ bó ṣe máa ń dúró lára ẹ̀kọ tútù, omi ti pọ̀ jù lára onítọ̀hún, ọkàn rẹ̀ ò lè tì í mọ́. Bó o bá tún fa omi kún un, ìwọ lo rì í."

Ẹ má rò pé ó kórìíra owó. Owó ni kẹ̀kẹ́ ìhìnrere, òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn oníṣòwò Ìgòlò tí wọ́n ń kó ẹrù gba ẹnubodè, ó máa ń gba owó tó jọjú lọ́wọ́ wọn, ojú kì í sì í tì í. Ohun tó máa ń sọ ni pé èrè tó bá wá nítorí pé ara aláìsàn yá, kéèyàn gbà á tọwọ́ tẹsẹ̀. Èrè tó bá wá nítorí pé ẹ̀rù ń ba aláìsàn, kéèyàn fi sílẹ̀ fún ẹlòmíràn.

Nígbà tí ara rẹ̀ kò gbé e mọ́, ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ gba ilé ìwòsàn náà. Dókítà gidi nìyẹn, ó kàwé ní Kútọnù. Ẹ wo ayé bó ṣe rí: nítorí pé dókítà ni wọ́n ti ń pe bàbá tí kì í ṣe dókítà, Dókítà Kékeré ni wọ́n wá ń pe ẹni tó jẹ́ dókítà. Ó sọ yàrá mẹ́ta náà di ilé alájà méjì. Ó ra ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń wo ọmọ nínú ìyá rẹ̀. Abẹ́rẹ́ tí a ń sè lọ, èyí tí a ń lò lẹ́ẹ̀kan tí a ń sọ nù dé. Ìgò omi tó máa ń fọ́ mọ́ wa lọ́wọ́ di àpò ọ̀rá. Mo dúpẹ́ fún gbogbo rẹ̀. Ẹni tó bá ní ayé àtijọ́ ló dára jù, kó wá bá mi pọ́n abẹ́rẹ́ lórí òkúta.

Èèyàn dáadáa ni Dókítà Kékeré, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbọ́ ìtàn yìí kó máa bú u. Ó máa ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ gbé arúgbó sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. Ṣùgbọ́n owó báńkì ló fi kọ́lé, báńkì ò sì mọ̀ pé ibà máa ń dín kù nígbà ẹ̀ẹ̀rùn.

Ní agbègbè wa níbí, ẹ̀yin náà mọ̀ ọ́n, omi ni oògùn. Bó o bá fún èèyàn ní hóró oògùn pé kó máa lọ sílé, ó gbà pé o lé òun ni. Ṣùgbọ́n bó o bá gbé omi kọ́ sórí irin, tó ń kán tó, tó, tó, tí àwọn ará ilé jókòó yí i ká, ìgbà yẹn ni wọ́n tó gbà pé o ń tọ́jú rẹ̀. Àwọn àgbẹ̀ ń fa omi kí wọ́n tó lọ kọ ebè. Àwọn aláṣọ ń fa omi lẹ́yìn ọjà. Dókítà Kékeré máa ń po oògùn kan sínú tirẹ̀ tó ń sọ àwọ̀ rẹ̀ dà bí omi ọsàn, àwọn èèyàn sì sọ ọ́ ní omi agbára. Ó kọ iye rẹ̀ sára ògiri. Omi náà ló ń san owó báńkì.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà wá burú sí ni ilé òkú. Bí àgbàlagbà bá kú lọ́dọ̀ wa, àwọn tó wá kí ọmọ rẹ̀ á bèèrè pé, "Omi mélòó lẹ fà sí i?" Bí ọmọ bá ní mẹ́rin, wọ́n á ní ó ṣe ọmọ. Bó bá ní àwọn ò fa omi, wọ́n á dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà á sì bá a dé ọjà. Nítorí náà, kò sí ọmọ tó fẹ́ kí ìyá òun kú láìfa omi.

Ọjọ́ ọjà Ìgòlò ni ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ ṣẹlẹ̀, ní ọ̀sán gangan. Ìyá Ráfíátù ni wọ́n gbé wá, obìnrin tó ń fún epo ní Ko-Koumolou. Orí alùpùpù kan ni òun àti ọmọ rẹ̀ jọ wà, ìyá láàárín, Ráfíátù lẹ́yìn tó dì í mú. Ọkọ mi tó kú bá ìyá náà tan, nítorí náà ìyàwó ló máa ń pè mí. Ó rẹ̀ ẹ́ gan-an. Ó ti tó ọjọ́ mélòó kan tó ti ń sùn níjòókòó, torí pé bó bá dùbúlẹ̀, kì í lè mí délẹ̀. Síbẹ̀ ó wò mí, ó ní, "Ìyàwó mi, ṣé ọwọ́ rẹ ṣì dùn?"

Mo ní, "Ẹ jẹ́ ká wò ó, Ìyá."

Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Mo kà dé àrún. Mo gbé e kúrò. Ojú ìka mi dúró síbẹ̀, ó jìn, kò dìde.

Mo lọ bá Dókítà Kékeré ní yàrá rẹ̀. Èrò kún ọ̀dọ̀ rẹ̀ dé ẹnu ọ̀nà. Mo ní, "Dókítà, omi ti kún ẹsẹ̀ ìyá yìí. Kò yẹ ká fà á sí i. Oògùn tó máa jẹ́ kó tọ omi náà dànù ló yẹ ká fún un."

Ó nu ojú. Ó ní, "Bon, ó dáa. Ọ̀kan péré, kó rọra kán, ká tó kọ oògùn. Bí a ò bá fà á, Ìyá, ṣé ẹ mọ̀ pé wọ́n á gbé e kọjá ẹnubodè, àwọn ará ọ̀hún á sì fa mẹ́ta sí i? Ṣé kò sàn kó jẹ́ àwa?"

Ọ̀rọ̀ náà jọ òótọ́. Ẹ kíyè sí irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ yín, ọ̀rọ̀ tó jọ àánú tó sì tún ń pa owó wọlé. Mo mọ̀ pé kò tọ̀nà. Mo mọ̀ ọ́n látinú àtàǹpàkò mi. Nígbà tí mo padà, Ráfíátù di ọwọ́ mi mú, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́, Ìyá Abẹ́rẹ́, omi agbára ni kẹ́ ẹ fà sí i. Ìyá kan ni mo ní."

Mo gbé e kọ́. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni mo gún un tí mo rí iṣan. Ìyá náà ní òun ò tiẹ̀ mọ ìgbà tí abẹ́rẹ́ wọlé, ó sì yìn mí. Ọlọ́run dárí jì mí, inú mi dùn sí ọwọ́ mi.

Omi àkọ́kọ́ rọra kán tán. Ìyá náà ní ara ti tu òun díẹ̀. Ráfíátù rí i bẹ́ẹ̀, ó ní ká fa ìkejì. Mo tún lọ bá Dókítà Kékeré. Ó ń ran egbò ẹnì kan tó jábọ́ lórí alùpùpù, kò wojú mi. Ó ní ká fà á, ká sì jẹ́ kó yára díẹ̀, torí pé àwọn tó ń bọ̀ láti ọjà ń dúró de ibùsùn. Rọ́bà omi ní kẹ̀kẹ́ kékeré kan tí a fi ń dín in kù tàbí tí a fi ń mú un yára. Ọwọ́ mi yìí ló yí kẹ̀kẹ́ náà.

Kí omi kejì tó dé ìdajì, ìyá náà dìde jókòó. Ó ní, "Ìyàwó mi, omi náà ti dé ọ̀fun mi." Ó sọ ọ́ pẹ̀lẹ́, bí ìgbà tó ń sọ fún mi pé òjò ń bọ̀. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́, ìfófòó sì ń jáde lẹ́nu rẹ̀. Mo já omi náà dànù. Mo gbé e mọ́ àyà mi kó lè jókòó gbọọrọ. Dókítà Kékeré sáré dé, ó gún un ní abẹ́rẹ́, ó tún gún òmíràn. Kò bá a mọ́. Wọn ò tíì pe ìrun alásàrì tó fi dákẹ́ lára mi.

Dókítà Kékeré sọ fún Ráfíátù pé ọkàn ìyá rẹ̀ ti rẹ̀ tipẹ́. Irọ́ kọ́. Àwọn àgbà tó wà níbẹ̀ ní a lè wo àìsàn, a ò rí ti ọlọ́jọ́ ṣe. Gbogbo wa sì fara mọ́ ọn, torí pé ọ̀rọ̀ náà rọ gbogbo wa lọ́rùn.

Nígbà tí wọ́n sìnkú tán, mo lọ kí Ráfíátù. Àwọn obìnrin yí i ká, ọ̀kan nínú wọn sì bèèrè ohun tí wọ́n máa ń bèèrè. Ráfíátù gbé orí sókè. Ó ní, "Méjì. Omi agbára ni, kì í ṣe omi lásán. Ìyá Abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ ló fà á." Gbogbo wọn yíjú sí mi. Wọ́n ní Ọlọ́run á bù kún ọwọ́ mi. Mo ṣe àmín.

Mi ò lọ síbi iṣẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Nígbà tó yá, mo lọ bá Bàbá Símónì. Ó ti darúgbó kùjọ́kùjọ́ nígbà náà, orí àga ni wọ́n ń gbé e sí lọ́sàn-án. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Mo rò pé yóò lé mi jáde.

Ó ní, "Ṣé o tẹ̀ ẹ́?"

Mo ní, "Mo tẹ̀ ẹ́, Bàbá."

"Ṣé ojú rẹ̀ dúró?"

"Ó dúró."

Lẹ́yìn náà ló ní òùngbẹ ń gbẹ òun. Ọwọ́ rẹ̀ kò lè gbé ife mọ́, nítorí náà mo wá ṣíbí. Ó la ẹnu bí ọmọdé. Ṣíbí kan, mo dúró. Ṣíbí kan, mo dúró. Nígbà tó mu tán, ó ní, "Padà síbi iṣẹ́. Bó o bá kúrò níbẹ̀, ta ni yóò máa tẹ̀ wọ́n?"

Mo padà. Mo dúró níwájú Dókítà Kékeré, mo ní, "Dókítà, láti òní lọ, bí àtàǹpàkò mi bá wọlé tí ojú rẹ̀ dúró, ọwọ́ mi ò ní fa omi. Bó o bá fẹ́, lé mi." Ó wò mí títí. Òun náà kò tíì sùn dáadáa láti ọjọ́ náà, mo rí i lójú rẹ̀. Ó ní, "Mi ò ní lé yín, Ìyá." Mo mọ̀ pé nítorí pé ọwọ́ mi ń pe èrò wá ni, mo sì mọ̀ pé kì í ṣe nítorí ìyẹn nìkan.

A ò di màlékà. Àwọn àgbẹ̀ tí ara wọn le ṣì ń fa omi agbára wọn, owó báńkì sì ń wọlé. Ṣùgbọ́n kò sí àgbàlagbà kan tó gba ọ̀dọ̀ mi kọjá tí mi ò tẹ ojúgun rẹ̀. Àwọn mìíràn bínú, wọ́n ní ahun ni mí, wọ́n gbé ìyá wọn kọjá ẹnubodè lóòótọ́. Mi ò lè dá wọn dúró. Àwọn tó bá dúró, mo máa ń bá wọn jókòó ti ife àti ṣíbí, mo sì ń sọ fún àwọn ọmọ wọn pé bí aráyé bá bi wọ́n léèrè iye omi, kí wọ́n ní ọgọ́ta ṣíbí làwọn fún un. Ó ń pa wọ́n lẹ́rìn-ín. Àwọn kan ń sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nílé òkú, ó sì ń tó wọn.

Ráfíátù ńkọ́? Ọkọ rẹ̀ ní oko ọsàn. Láti ọdún tí ìyá rẹ̀ kú, gbogbo ìgbà tí ọsàn bá pọ́n, ó máa ń gbé agbọ̀n kan wá fún mi. Á kúnlẹ̀, á ní, "Ìyá, ẹ gbà, ẹ̀yin lẹ tọ́jú ìyá mi dé òpin." Bó bá ti lọ, màá pín gbogbo ọsàn náà fún àwọn ọmọ àdúgbò. Mi ò lè jẹ ẹyọ kan nínú rẹ̀. Mo máa ń sọ fún ara mi pé bí mo bá sọ òótọ́ fún un, ohun tó máa gbọ́ ni pé òun tó bẹ̀bẹ̀ fún ìkejì ló pa ìyá rẹ̀. Àánú ni mo pe ìdákẹ́jẹ́ mi. Ìbẹ̀rù náà sì wà nínú rẹ̀, n ò ní purọ́ fún yín.

Mo fẹ̀yìn tì. Ọwọ́ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n. Ọsàn ṣì ń bọ̀.

Ní èṣí, mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ yìí láàárọ̀, mo rí Ráfíátù tó ń bọ̀. Kì í ṣe àsìkò ọsàn. Orí rẹ̀ ti funfun, ó ń rìn díẹ̀, ó ń dúró, bàtà rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tó jókòó, mo bèèrè ìdí tí kò fi wọ bàtà. Ó ní kò gba òun mọ́.

Ó ní, "Ìyá, ó ń rẹ̀ mí ṣáá. Bí mo bá dùbúlẹ̀, mi ò lè mí. Mo fẹ́ lọ fa omi agbára, ṣùgbọ́n ọwọ́ àwọn ọmọ ìsinsìnyí kò dùn. Ṣé ẹ lè tẹ̀ lé mi, kẹ́ ẹ sáà fi iṣan hàn wọ́n?"

Mo ní kó na ẹsẹ̀. Mo fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́. Nígbà tí mo gbé e kúrò, mo rí ojú rẹ̀ tó dúró, mo sì rí ẹsẹ̀ ìyá rẹ̀.

Mo ní, "Ráfíátù, má fa omi. Lọ sí ilé ìwòsàn ńlá ní Àjàṣẹ́, kí wọ́n wo ọkàn rẹ."

Ó rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Ẹ̀yin lẹ fà á fún ìyá mi. Mo rí i bí ara ṣe tù ú. Èmi náà fẹ́ kí ara tù mí bẹ́ẹ̀."

Ẹ̀yin ọmọ, òótọ́ tí mo ti gbé mì tipẹ́ fẹ́ jáde ní àárọ̀ yẹn. Bí mo bá dákẹ́, yóò lọ síbi tí wọ́n á ti fà á fún un, wọ́n ò sì ní tẹ ojúgun rẹ̀. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ti pàdánù rẹ̀. Mo sọ ọ́. Mo ní, "Omi náà ló pa ìyá rẹ. Mo tẹ ẹsẹ̀ rẹ̀ bí mo ṣe tẹ tìrẹ yìí, ojú rẹ̀ dúró, mo mọ̀ pé kò yẹ kí n fà á, mo sì fà á."

Ó wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ní, "Ta ló ní kẹ́ ẹ fa ìkejì?"

Ó rọrùn láti dárúkọ Dókítà Kékeré níbẹ̀. Mo ní, "Ìwọ lo bèèrè. Ṣùgbọ́n o ò mọ̀. Èmi mọ̀. Ẹni tó mọ̀ ni ọ̀rọ̀ náà wà lọ́rùn rẹ̀, má ṣe gbé e lọ sílé."

Ó mú bàtà rẹ̀, ó dìde. Kò kí mi pé ó dàbọ̀.

Mi ò mọ ibi tó lọ. Òtítọ́ dọ́jà, ó kùtà. Owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Ohun tó ń bà mí lẹ́rù nìyẹn, pé inú á bí i sí èmi àti òótọ́ mi, á lọ síbi tí wọ́n ti ń ta ohun tó fẹ́ gbọ́. Bí alùpùpù bá ti dúró níta, màá rò pé wọ́n wá túfọ̀ rẹ̀ fún mi ni. Gbogbo ìrun ni mo fi ń dárúkọ rẹ̀. Àsìkò ọsàn dé, kò sí agbọ̀n. Mo ń rí ọsàn lórí àtẹ àwọn ẹlòmíràn. Àṣé èèyàn lè máa wá ohun tí kò lè jẹ.

Ọsàn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán lórí igi nígbà tí mo rí i. Ó ń fẹsẹ̀ ara rẹ̀ rìn bọ̀, kò dúró lójú ọ̀nà. Ó gbé agbọ̀n kékeré kan lọ́wọ́. Ó wọ bàtà.

Kò kúnlẹ̀. Ó jókòó sórí àpótí tí ẹ̀yin náà máa ń jókòó lé, ó ní, "Mo lọ sí Àjàṣẹ́. Ọkàn mi ni, bí ẹ ṣe wí. Wọ́n fún mi ní oògùn tó ń lé omi jáde, mo wá ń tọ̀ bí ọmọ ọwọ́."

Mo ní, "Ọlọ́run ṣeun."

Ó ní, "Mo bínú sí yín, Ìyá. Mo ṣì ń bínú. Bí mo bá jí lọ́la, n ó tún bínú."

Mo ní, "Mo gbọ́."

Ó bọ́ bàtà rẹ̀ kan. Ó na ẹsẹ̀ náà lé mi lórí ẹsẹ̀, bí ọmọ ṣe ń nà án sí ìyá rẹ̀, ó ní, "Ẹ tẹ̀ ẹ́ wò."

Mo fi àtàǹpàkò tẹ ojúgun rẹ̀. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún. Mo gbé e kúrò. Ara náà dìde padà.

Ó mú ọsàn kan nínú agbọ̀n, ó bó o, ó là á sí méjì, ó na ìdajì sí mi. Mo jẹ ẹ́ níṣojú rẹ̀.